Ìbínú àti Ìbànújẹ́: Àlejò Ni Wọ́n, Wọn Kì Í Ṣe Onílé

(Ọ̀rọ̀ tí a bá àpéjọ ọdọọdún Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú wa sọ ní Òkè-Àró)



Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ wá sọ fún mi pé èmi ni a yàn láti sọ̀rọ̀ lọ́dún yìí, ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wa ni n ó sọ, gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó jẹ́ kí n yan orí ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀nà, omi, iná mànàmáná àti ilé ẹ̀kọ́ ni a máa ń jíròrò ní ìpàdé yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ sọ òtítọ́ fún ara wa, ohun tí ó ń da ìpàdé wa rú kì í ṣe ọ̀nà, kì í sì í ṣe omi. Ìbínú ni. Ohun tí ó sì ń mú kí àwọn ènìyàn dáadáa láàrin wa máa jókòó sílé láì yọjú kì í ṣe àìlówó nìkan. Ìbànújẹ́ ni. Nítorí náà ni mo ṣe fẹ́ kí a jọ gbé ohun tí ń bẹ nínú ọmọ ènìyàn yẹ̀ wò: bí ó ṣe ń wọlé, bí a ṣe ń sọ ọ́ jáde, àti bí a ṣe lè kó o níjàánu.

OHUN TÍ ÈDÈ WA TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Olùkọ́ ni mí, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti inú èdè. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí inú ń bí a máa fi ara rẹ̀ ṣe olùwà nínú gbólóhùn, bí ẹni pé òun àti ìbínú náà ti di ọ̀kan. Àwa kì í sábà sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. A ń wí pé, “Inú ń bí mi.” A ń wí pé, “Ẹ̀rù ń bà mí,” “Ojú ń tì mí,” “Owú ń jẹ mí.” Ẹ wo bí gbólóhùn wọ̀nyí ti tò. Èmi kọ́ ni olùwà. Ohun kan ni ó dìde, tí ó ń ṣe nǹkan sí mi. Èmi ni àbọ̀. Lóòótọ́, a tún máa ń wí pé ẹnì kan “bínú”, pé ó “bínú jáde kúrò ní ìpàdé.” Ṣùgbọ́n ẹni tí a sọ bẹ́ẹ̀ nípa rẹ̀ ti gba àlejò náà tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì ti bá a jáde.

Àwọn tí ó dá èdè yìí sílẹ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Wọ́n kọ́ wa pé àlejò ni ìbínú, àlejò ni ẹ̀rù, àlejò ni ìbànújẹ́. A kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ àlejò bẹ́ẹ̀, nítorí yóò gba ojú fèrèsé wọlé. A ó fún un ní ìjókòó, a ó bi í léèrè ohun tí ó bá wá, a ó sì sìn ín sọ́nà. Ewu tí ó wà níbẹ̀ ni kí a kó kọ́kọ́rọ́ ilé lé e lọ́wọ́.

Èdè wa tún mọ ohun tí ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí a kò bá bi àlejò náà ní nǹkan kan. A pè é ní ìkùnsínú, èyí ni kí ènìyàn máa kùn sínú láì là á lẹ́nu. A pè é ní àròkàn, ìrònú tí a rò títí tí ó fi kan ọkàn. Àwọn àgbà sì ní, àròkàn ní í mú ẹkún àsun-ùn-dá wá.

OHUN TÍ ATARE BÀJẸ́

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ Ìpínlẹ̀ Ògùn mọ̀ dunjú. Àlùfáà Samuel Johnson, ẹni tí ó parí ìwé rẹ̀ lórí ìtàn àwọn Yorùbá ní 1897, tí a tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ bí ogun Òwu ṣe gbiná ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn. Ní ọjà Àpòmù ni. Ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ṣe aáwọ̀ lórí atare. Atare, ẹ̀yin ènìyàn mi! Kì í ṣe wúrà, kì í ṣe adé.

Mo mọ̀ pé igi gbígbẹ ti wà nílẹ̀ kí iná tó ràn. Àwọn ajínigbé ti ń kó ènìyàn tà ní agbègbè ọjà náà, Òwu àti Ifẹ̀ sì ti ń di ara wọn sínú tipẹ́. Ṣùgbọ́n orí atare ni iná náà ti ṣẹ́. Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ dìmọ̀, àwọn tí ogun lé kúrò ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ darapọ̀ mọ́ wọn, wọ́n sì dó ti Òwu títí ebi fi ṣẹ́gun ìlú náà. Nígbà tí Òwu fọ́ tán, ọmọ ogun kò túká. Wọ́n kọjú sí àwọn ìlú Ẹ̀gbá tí ó wà nítòsí, wọ́n sì ń fọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn Ẹ̀gbá di ìsáǹsá títí di 1830, nígbà tí Ṣódẹkẹ́ kó wọn wá sí abẹ́ òkúta Olúmọ. Nígbà tí ó yá, àwọn Òwu náà wá tẹ̀dó tì wọ́n níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó jókòó síhìn-ín lónìí ni ó jẹ́ àtọmọdọ́mọ àwọn tí ó sá àsálà nínú ogun náà.

Bí ẹnì kan bá ti wà ní ọjà ọjọ́ náà tí ó lè ní, “Ẹ gba atare mìíràn dípò èyí, ẹ jẹ́ kí ó tán síbí,” ta ni ó mọ iye ẹ̀mí tí ìbá là? Ìbínú kò mọ̀ pé olówó òun kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìkùnsínú ọlọ́jọ́ pípẹ́ ni ó kó igi jọ. Ìbínú ìṣẹ́jú kan ni ó ṣáná sí i. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí àwọn méjèèjì ni a ó máa bá yí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

ỌDÚN 2020 NÍ ÀDÚGBÒ WA

Ẹ jẹ́ kí n wá sí ilé. Kò sí ẹni tí ó gbàgbé 2020. Ní ìparí oṣù kẹta ọdún náà ni ìjọba àpapọ̀ kéde pé kí Èkó, Abúja àti Ìpínlẹ̀ Ògùn wà ní títì nítorí àrùn kòrónà. Ní oṣù kẹrin, ìró gba ìgboro kan láti Àgége títí dé Agbádó, Sàǹgó àti Ọ̀tà, pé àwọn ọmọ ìta ń bọ̀ wá jalè. Àwọn ọkùnrin ń ṣọ́ òru, wọ́n ń dáná sun táyà ní oríta, wọ́n mú àdá lọ́wọ́. Èmi náà wà níbẹ̀. Mo fi ojú ara mi rí i bí ẹ̀rù ṣe ń di ìbínú láàrin wákàtí kan, àti bí ìbínú ti ń wá ẹni tí yóò rọ́ lù, ẹnikẹ́ni tí kò bá sáà ti lè sọ ilé tí ó ń lọ.

Ọdún kan náà ni ibà ẹlẹ́dẹ̀ ti ilẹ̀ Áfíríkà wọ àwọn ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ tí ó wà ní Gíwá àti Òkè-Àró, èyí tí a mọ̀ káàkiri gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ibùdó ẹlẹ́dẹ̀ tí ó tóbi jùlọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àrùn náà kì í mú ènìyàn, ṣùgbọ́n bí ó bá wọ agbo ẹlẹ́dẹ̀, a máa pa ọ̀pọ̀ wọn láàrin ọjọ́ díẹ̀. Kò sì sí oògùn tí ń wò ó. Ó ti jà ní orílẹ̀-èdè wa ní 1997, àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà rántí. Ti 2020 yìí kó àìmọye ẹlẹ́dẹ̀ lọ. Ohun tí àwọn ènìyàn fi ogún ọdún kójọ, wọ́n gbẹ́ kòtò, wọ́n sì kó o sínú rẹ̀ láàrin ọ̀sẹ̀ kan.

Mo ní ẹ̀bi kan tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún yín lórí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí kò tọ́ kí olùkọ́ dúró síwájú àwọn ènìyàn kí ó máa kọ́ wọn ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò fi ojú winá rẹ̀.

Nígbà tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ ṣí padà, ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì mi tí ó ń pẹ́ dé, tí ó ń tòògbé, tí kò sì ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta, èmi àti aládùúgbò mi ti ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí ààlà ilẹ̀ kí n tó jáde nílé. N kò fèsì púpọ̀ fún un. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà mì, mo sì rò pé sùúrù ni mo ṣe. Ìgbà tí mo dé kíláàsì ni mo pe ọmọ náà jáde, mo sì nà án. N kò nà án bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ. Mo nà án bí ẹni pé òun ni ó sún òpó ààlà mi. Nígbà tí mo dáwọ́ dúró, kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ náà kò sunkún. Ó ní, “Ẹ má bínú, sà. Bàbá mi ni mo máa ń jókòó tì lálẹ́. Màmá mi ní kí n má jẹ́ kí wọ́n dá nìkan wà.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo lọ sí ilé wọn. Mo bá bàbá náà nínú ọgbà ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ tí ó ti ṣófo, ó jókòó lórí korobá tí a dojú rẹ̀ délẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́tàlélọ́gọ́rin (83), kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ ju “bẹ́ẹ̀ ni” àti “bẹ́ẹ̀ kọ́” lọ.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo wá tọrọ àforíjì. Mo na ọmọ yín láìtọ́ lónìí. Inú tí ẹlòmíràn bí mi ni mo gbé lọ bá a.”

Ó pẹ́ kí ó tó dáhùn. Ó ní, “Tíṣà, ẹ tilẹ̀ sàn jù mí lọ. Ẹ̀yin rí ẹni nà. Èmi kò rí ẹni tí n ó nà. Àrùn kò lójú, kò lẹ́yìn.”

Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa abo ẹlẹ́dẹ̀ tí ó kọ́kọ́ rà, iye tí ó rà á, àti owó àjẹsẹ́kù tí ó fi rà á. Ó sọ iye tí ó jẹ ní gbèsè, èyí tí ìyàwó rẹ̀ kò tíì mọ̀. Ó sọ bí ó ti ń gbọ́ ohùn wọn lójú oorun. Ó sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pe ìrun alẹ́ ní mọ́ṣáláṣí, kí ó tó sunkún. Èmi kò sọ ju gbólóhùn mẹ́rin lọ. Nígbà tí ó sìn mí dé ojú ọ̀nà, ìyàwó rẹ̀ yọjú láti ilé ìdáná, ó wò wá, ó tún wò wá. Ojú rẹ̀ ni mo fi mọ̀ pé ohun kan ti ṣẹ̀ ní ilé náà tí kò ṣẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́.

N kò ní purọ́ fún yín pé ọ̀rọ̀ dídùn san gbèsè. Gbèsè náà wà síbẹ̀, ó sì gba ọdún mélòó kan. Ṣùgbọ́n láti ọ̀sẹ̀ náà lọ, òun àti àwọn mẹ́rin mìíràn tí àdánù náà kàn bẹ̀rẹ̀ sí pàdé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Ọmọ náà kò sì tòògbé mọ́ ní kíláàsì.

ÀṢÌṢE MÉJÌ

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé sọ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Walter Cannon, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà kan, ṣàlàyé nínú ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1915 pé bí ìbínú tàbí ẹ̀rù bá dé, ara a máa múra ìjà tàbí eré sísá: ọkàn a máa sáré lù, èémí a máa yá, ẹ̀jẹ̀ a máa sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀. Ohun tí ó gba àwọn baba wa lọ́wọ́ ẹkùn nínú igbó nìyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jókòó ní ìpàdé ẹgbẹ́ kò ní ẹkùn tí yóò bá jà. Ara rẹ̀ ti múra ogun, kò sì sí ogun. Bí kò bá ní sùúrù kí ara náà tutù, yóò wá ogun kan kiri.

Àṣìṣe méjì ni a sábà máa ń ṣe níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí. Èkíní ni kí a gbé e mì kí a sì pè é ní sùúrù. Èyí ni àṣìṣe mi ní òwúrọ̀ ọjọ́ tí mo sọ. Sùúrù kì í ṣe dídákẹ́ nìkan. Ẹni tí ó dákẹ́, ṣùgbọ́n tí ó ń ka ẹ̀ṣẹ̀ ẹnìkejì sínú bí oníṣirò owó, kò tíì ṣe sùúrù. Ó ń fi ìbínú pamọ́ sí ilé ìfowópamọ́ ni, yóò sì gbà á padà tòun ti èlé.

Èkejì ni kí a tú u jáde sí ẹnikẹ́ni tí ó bá wà nítòsí, kí a wá wí pé, “Bí mo ti rí nìyí o, bí mo bá ti sọ tèmi tán, ó tán.” Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ẹni tí ó bá pariwo, tí ó fi ẹ̀ṣẹ́ lu nǹkan, inú rẹ̀ yóò rọ̀. Ní 2002, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Brad Bushman tẹ ìwádìí jáde lórí èyí. Ó mú kí a ṣẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ní kí àwọn kan máa fi ẹ̀ṣẹ́ lu àpò kí wọ́n sì máa ronú nípa ẹni tí ó ṣẹ̀ wọ́n, kí àwọn mìíràn sì jókòó jẹ́jẹ́. Àwọn tí ó ń lu àpò tí wọ́n ń ronú nípa ẹni náà ni inú bí jù lẹ́yìn náà. Bí a bá ń fẹ́ iná, kì í kú.

Kí ni kí a ṣe, nígbà tí ó jẹ́ pé gbígbé mì kò dára, títú jáde kò sì dára? Kí a sọ ọ́ ni, kí a sọ ọ́ ní àkókò tí ó yẹ, fún ẹni tí ó yẹ, kí a sì sọ ọ́ títí yóò fi ní ìtumọ̀. Ní 1986, James Pennebaker àti akẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ohun tí ó bà wọ́n nínú jẹ́ jùlọ sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójoojúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rin. Ní oṣù mélòó kan tí ó tẹ̀lé e, àwọn tí ó kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ àti bí ó ti rí lára wọn kò lọ sí ilé ìwòsàn tó àwọn tí ó kọ nípa ohun yẹpẹrẹ. Ìwé kíkọ kò yí ohun tí ó ti ṣẹlẹ̀ padà. Ó mú kí wọ́n bi àlejò náà ní ohun tí ó bá wá.

ỌGBỌ́N ÀWỌN BABA WA

Ẹ má ṣe rò pé òkè òkun ni ọgbọ́n yìí ti wá. Àwọn baba wa ti la ojúṣàn fún un, kí omi má baà wó ilé. Ọmọge tí ó ń lọ sí ilé ọkọ ní ilẹ̀ Ọ̀yọ́ a máa sun ẹkún ìyàwó: a máa fi ohùn dídùn sọ ẹ̀rù àti ìbànújẹ́ rẹ̀ níwájú àwọn òbí rẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò ní kí ó panu mọ́. Ní Kétu, ní Yewa àti láàrin àwọn Àwórì, òru ẹ̀fẹ̀ nínú ọdún Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni ìlú ń fi orin bú ọ̀kánjúà àti aláṣejù, àní bí ó jẹ́ olóyè pàápàá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, a kì í tún bá a fà á. Àjọ UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kún ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn ní 2008. Bí ẹnì kan bá ṣòfò láàrin wa, a kì í jẹ́ kí ó dá sùn; ilé rẹ̀ a máa kún títí.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí àwa náà ti kùnà. A la ojúṣàn fún òfò ikú, a kò là á fún òfò owó. Ẹni tí bàbá rẹ̀ kú, a ó kí i. Ẹni tí òwò rẹ̀ kú, a ó yà fún un lójú ọ̀nà kí ó má baà yá wa lówó. A sì ń wí fún àwọn ọmọkùnrin wa láti kékeré pé ọkùnrin kì í sunkún. Ohun tí wọn kò sun jáde lójú, wọn a máa mu ún pẹ̀lú ọtí, wọn a sì máa fi ọwọ́ rẹ̀ gbá ìyàwó àti ọmọ.

ÀRÓ TI ABẸ́ÒKÚTA ÀTI ÌJÓKÒÓ TI HARARE

Ibì kan wà tí orúkọ rẹ̀ jọ ti ìlú wa, tí gbogbo ayé ti wá kọ́ ọgbọ́n. Àró ni, ní Abẹ́òkúta. Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tí a bí ní 1923, tí ó kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Birmingham, ni a fi ṣe olórí ilé ìwòsàn ọpọlọ ibẹ̀ ní 1954. Ṣáájú ìgbà náà, ilé tí a ń ti àwọn tí ọkàn wọn dàrú mọ́ ni a ní, bí irú èyí tí a ṣí ní Yábàá ní 1907. Lambo ṣe nǹkan mìíràn. Ó bá àwọn ará abúlé tí ó yí Àró ká sọ̀rọ̀ kí wọ́n gba àwọn aláìsàn sílé. Aláìsàn kọ̀ọ̀kan ní láti mú ìbátan rẹ̀ kan wá tí yóò máa se oúnjẹ fún un. Wọn a máa gba ìtọ́jú ní ilé ìwòsàn, wọn a sì padà sí abúlé láti bá àwọn ènìyàn gbé, láti roko, láti ṣeré. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra. Ní 1961, àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti ilẹ̀ Áfíríkà àti láti òkè òkun pé jọ sí Abẹ́òkúta láti wo iṣẹ́ náà. Lambo di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé, ó sì fi ayé sílẹ̀ ní 2004. Ohun tí ó fi hàn kò ju ohun tí ìyá ọmọ kíláàsì mi mọ̀ lọ: má jẹ́ kí wọ́n dá nìkan wà.

Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, àwọn ará Shona ní ọ̀rọ̀ kan tí ó jọ àròkàn tiwa gidigidi. Kufungisisa ni wọ́n ń pè é, èyí ni àròjù. Ní 2006, oníṣègùn ọpọlọ kan tí ń jẹ́ Dixon Chibanda bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ pẹ̀lú ìyá àgbà mẹ́rìnlá (14) ní ìlú Harare. Wọ́n gbé ìjókòó onígi sí àgbàlá ilé ìwòsàn. Wọ́n kọ́ àwọn ìyá náà bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń ran ènìyàn lọ́wọ́ láti mú ìṣòro kan ṣoṣo kí ó wá ojútùú sí i. Ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2016 fi hàn pé ara àwọn tí ó jókòó ti àwọn ìyá náà yá ju ti àwọn tí ó gba ìtọ́jú àtẹ̀yìnwá lọ.

OHUN TÍ MO FẸ́ KÍ A ṢE

Nítorí náà, mo ní ìmọ̀ràn díẹ̀.

Èkíní, bí inú bá bí ọ, má ṣe pinnu ohunkóhun títí ara rẹ yóò fi tutù. Mí sínú díẹ̀díẹ̀, mí síta pẹ́, rìn lọ rìn bọ̀, mu omi. Olùkọ́ àti òbí tí inú ń bí kò gbọdọ̀ mú pàṣán.

Èkejì, pe àlejò náà ní orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ohun tí a ń pè ní ìbínú jẹ́ ẹ̀rù, tàbí ìtìjú, tàbí owú. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé owú ni ó ń jẹ òun kò ní wá ẹ̀ṣẹ̀ mọ́ ọmọnìkejì rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ọmọ wa tí ó wà ní òkè òkun, mo mọ̀ pé ẹ̀yin ń gbọ́ ìròyìn ikú lórí fóònù láàárín iṣẹ́, ẹ kò sì rí ẹni tí ẹ ó jọ sunkún. Ẹ wá ara yín rí. Ẹ má ṣe fi WhatsApp ẹgbẹ́ jà ní òru. Ọ̀rọ̀ tí a fi ohùn ránṣẹ́ nígbà tí inú ń ru, gbogbo ìlú ni yóò gbọ́ ọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ jẹ́ kí ó di àárọ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹnì kan bá ń wí pé ayé sú òun, tàbí pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe bú u, ẹ má ṣe fi ṣẹ̀sín, ẹ má sì fi sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn. Àró wà ní Abẹ́òkúta, Yábàá wà ní Èkó, àwọn méjèèjì kò jìnnà sí wa. Òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ, tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní 2023, ti rọ́pò òfin àtijọ́ tí ó ń pe irú wọn ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí àwa náà yí ẹnu wa padà.

Ẹ̀karùn-ún ni ẹ̀bẹ̀ mi sí ẹgbẹ́ yìí. Kò ní ná wa lówó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí a gbé ìjókòó gígùn méjì sí abẹ́ igi tí ó wà lẹ́bàá gbọ̀ngàn wa. Kí àgbà ọkùnrin méjì àti àgbà obìnrin méjì, tí a mọ̀ pé ẹnu wọn kì í ṣe àgbá òfìfo, máa jókòó níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo ọjọ́ Àìkú. Kí a bẹ nọ́ọ̀sì láti ilé ìwòsàn wa kí ó kọ́ wọn ní ohun tí ó yẹ. Kì í ṣe ilé ẹjọ́; wọn kò ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Wọn kì í ṣe ayánilówó. Wọn yóò gbọ́ ni. Ohun tí wọ́n bá gbọ́ kò gbọdọ̀ dé ọjà. Ẹni àkọ́kọ́ tí ó ti gbà láti jókòó níbẹ̀, bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ni bàbá ọmọ tí mo nà. Òun ni ó ní kí n sọ ìtàn rẹ̀ fún yín láì dárúkọ òun.

Mo fẹ́ parí pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ààlà ilẹ̀ mi, kí ẹ má baà rò pé mo gbàgbé. Ó gba oṣù márùn-ún kí n tó lọ bá aládùúgbò mi. Mo sọ fún un pé, “Ọ̀rọ̀ tí ẹ sọ lọ́jọ́ náà dùn mí, mo sì ti fi ìbínú rẹ̀ na ọmọ ọlọ́mọ.” Ó dákẹ́, ó ní òun náà kò sùn ní òru ọjọ́ náà. A kò tíì fẹnu kò lórí òpó náà títí di òní. Awọ̀nlẹ̀ ni yóò yanjú rẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń kí ara wa. Ọmọ rẹ̀ sì ń wá kọ́ ìṣirò lọ́dọ̀ mi.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, a óò ṣe ọ̀nà wa, a óò sì gbẹ́ kànga wa. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó dára jù kò wúlò fún aládùúgbò méjì tí kò lè rìn dé ilé ara wọn.  Kí Ọlọ́run fún wa ní inú kan, kí ó sì bá wa tún ìlú wa ṣe. Àmín.